Dropper tí mo rà lẹ́yìn tí èjìká mi ṣẹ́: oṣù mẹ́jọ rèé

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀: nǹkan yìí dáa, tó bá bàjẹ́ lónìí màá tún òmíràn rà, àmọ́ ó ní ìwà méjì mẹ́ta tó ń bí mi nínú, gbogbo ẹ̀ ni màá sọ. Irin ìjókòó kẹ̀kẹ́ ni mo ń sọ o, èyí tí àwa tó ń gun kẹ̀kẹ́ orí òkè ń pè ní dropper. Tí o ò bá mọ̀ ọ́n, irin tó gbé ìjókòó dúró ni, ṣùgbọ́n dípò kó dúró gbọin sójú kan, lífà kékeré kan wà lábẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lápá òsì, tó o bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ tó o wá fi ìdí tẹ ìjókòó mọ́lẹ̀, á wọlẹ̀ lọ, á dúró síbi tó o bá fi í sí, tó o bá dìde tó o tún tẹ lífà yẹn, á dìde padà fúnra ẹ̀ bíi pé ẹnì kan ń tì í látìsàlẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń lò ó báyìí, nínú ẹrẹ̀, nínú eruku, lórí òkúta, mo sì ti ṣubú pẹ̀lú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì (kékeré ni, ẹ fọkàn balẹ̀), torí náà kì í ṣe ẹni tó rà á lánàá ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, torí ohun tí mo fẹ́ sọ kan gbogbo dropper, tọ́wọ́ ẹni yòówù kó ti jáde.

Kí n tó rà á, ìjókòó mi ga, ó sì dúró gbọin bí òpó. Bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn tó o bá ń gun òkè lọ, torí ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán tí pẹ́dálì bá ti dé ìsàlẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ agbára ẹ á máa ṣòfò, orúnkún á sì máa ké. Wàhálà ẹ̀ ni pé òkè tó o bá gùn, o ṣì máa sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀, ìjókòó tó dáa fún gígùn yẹn gan-an ló máa wá dènà fún ẹ nígbà tó o bá ń sọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ fún ara mi pé kò sí ńkan, mo ti mọ́ ọn lára.

Àárọ̀ Sátidé kan ni. Àwa márùn-ún la jọ lọ, bá a ṣe máa ń lọ. Ibì kan wà lójú ọ̀nà wa tí gbòǹgbò igi ti yọ jáde bí àtẹ̀gùn, mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn, ilẹ̀ wá da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ́yìn wọn. Mo ti kọjá níbẹ̀ ju ogún ìgbà lọ. Òjò ti rọ̀ lóru ọjọ́ yẹn, gbòǹgbò ń yọ̀ bí ọṣẹ. Táyà iwájú mi wọ àárín gbòǹgbò kejì àti ìkẹta, ó dúró, èmi ò dúró. Mo gbìyànjú láti sún ìdí sẹ́yìn kí n sì tẹ̀ wálẹ̀, ibo ni mo fẹ́ gbà, ìjókòó ti wà níbẹ̀, òun gan-an ló gbá mi nídìí tó tì mí síwájú bí ẹni tó ń ti ọmọdé wọ kíláàsì. Mo gba orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kọjá, èjìká òsì ni mo fi balẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn ò gbọ́ nǹkan kan nígbà tí tiwọn ṣẹ́. Èmi gbọ́ ọ. Ó dún bí igi gbígbẹ.

Èyí tó kéré jù nínú wa ju kẹ̀kẹ́ ẹ̀ sílẹ̀, ó sáré wá, ó ń pariwo pé "má mira, má mira," bẹ́ẹ̀ mi ò tiẹ̀ lè mira. Ẹ̀gbọ́n wa tó dàgbà jù bọ́ jákẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n fi di apá mi mọ́ àyà, wọ́n ní kí n máa mí díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ni tó bèèrè bóyá kẹ̀kẹ́ ti bàjẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le, torí nínú ẹgbẹ́ wa, kẹ̀kẹ́ la kọ́kọ́ máa ń bèèrè.

Ẹ́síréè fi hàn pé eegun tó so àyà mọ́ èjìká ló ṣẹ́, láàárín gan-an. Dókítà ní ibẹ̀ ló máa ń ṣẹ́ jù, torí ibẹ̀ ló tín-ín-rín jù lára eegun yẹn, kò sì sí iṣan tó dì í mú dáadáa, ẹni tó bá ti fi èjìká balẹ̀, ìwúwo gbogbo ara ẹ̀ á gba ibẹ̀ kọjá. Orí bá mi ṣe é, ojú eegun méjèèjì ò jìnnà síra, wọn ò ní láti fi irin àti sùkúrù dè é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi gbé apá kọ́ mi lọ́rùn, kí n má sì tiẹ̀ dárúkọ kẹ̀kẹ́ inú igbó títí oṣù mẹ́ta á fi pé.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ Tom Pidcock ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, mọ́tò gbá a nígbà tó ń ṣe tréníǹgì ní ìparí oṣù karùn-ún 2021, eegun tèmi yìí gan-an ló ṣẹ́ lára ẹ̀, nígbà tó fi máa di ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún yẹn kan náà ó ti gba góòlù kẹ̀kẹ́ orí òkè ní Òlíḿpíìkì Tokyo. Kò tíì pé oṣù méjì o! Ẹni tó fi ránṣẹ́ rò pé ìṣírí ló ń fún mi. Mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn, mo ń wo àjà, mo ń bi ara mi pé kí ló ń ṣe èmi tí mi ò lè fọwọ́ òsì gbé ife omi. Físíò mi, ìyẹn ẹni tó ń fi eré ìmárale tọ́jú apá mi, ló là mí lójú lọ́jọ́ kejì, ó ní wọ́n fi irin de ti Pidcock, àwọn oníṣègùn yí i ká látàárọ̀ dalẹ́, iṣẹ́ tó ń jẹ sì ni. "Ìwọ ńkọ́, ìdí kọ̀ǹpútà lo máa ń jókòó sí. Gbé apá yẹn sókè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá sí i." Mo gbé e. Tẹ́ ẹ bá wà nírú ipò yẹn báyìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi oṣù ẹlòmíì ka oṣù tiyín.

Kí n wá sọ ti ìgbàgbọ́ díẹ̀, torí tí mo bá yọ ọ́ kúrò, àtúnyẹ̀wò yìí ò ní jẹ́ òótọ́. Àwọn kan níbi tí mo ti ń jọ́sìn sọ fún mi, tìfẹ́tìfẹ́ o, pé ìkìlọ̀ ni Ọlọ́run fi èyí ṣe, kí n fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ kó tó ṣẹ́ ọrùn. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ń gbàdúrà lálaalẹ́ pé kí Ọlọ́run mú ẹ̀rù kúrò lọ́kàn mi, ẹ̀rù ò kúrò, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá àìkúrò yẹn ni ìdáhùn. Ẹ̀gbọ́n wa, àwọn tó fi jákẹ́ẹ̀tì dì mí yẹn, ni mo sọ ọ́ fún. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá ní, "Tó bá jẹ́ pé o ò fẹ́ ẹ mọ́, fi í sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́ léèrè. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹ̀rù máa sọ̀rọ̀ kó o máa sọ pé Ọlọ́run ló ń sọ̀rọ̀." Mi ò lè dá wọn lóhùn. Gbogbo Sátidé lẹ́yìn ìyẹn, tí wọ́n bá ti gun kẹ̀kẹ́ tán, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á ya ọ̀dọ̀ mi, ẹrẹ̀ lára wọn láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n á bá mi fa rọ́bà físíò (ẹni tó ní iṣan jù nínú wọn ló kọ́kọ́ rẹ̀), a ó gbàdúrà ìṣẹ́jú kan, wọ́n á lọ. Wọn ò jẹ́ kó di ọ̀rọ̀ ńlá. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn ju ohunkóhun lọ.

Èyí tó jẹ́ mẹkáníìkì nínú wa ló gbé kẹ̀kẹ́ mi lọ lọ́jọ́ tí mo ṣubú, ó fọ̀ ọ́, ó tún un ṣe. Òun ló wọn ìjókòó mi tó sì pè mí pé, "Wá, ìjókòó ẹ ga tó báyìí, tó o sì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gbòǹgbò? Gbòǹgbò kọ́ ló jù ẹ́ sílẹ̀ o." Bí ọ̀rọ̀ dropper ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ibi tí mo ti ṣe òmùgọ̀ wá kàn. Mo gbàdúrà lé ọ́dà yẹn lórí kí n tó tẹ̀ ẹ́, tọkàntọkàn, mo sì ra èyí tí kò bá kẹ̀kẹ́ mi mu. Ihò tí irin ìjókòó máa wọ̀ ní oríṣiríṣi ìwọ̀n, àwọn tó wọ́pọ̀ ni 27.2, 30.9, 31.6 àti 34.9 mìlímítà. Tèmi 30.9, mo ra 31.6. Ìyàtọ̀ ẹ̀ ò tó mìlímítà kan, àmọ́ kò ní wọlé, kódà tó o bá pe àwọn ọmọ ogun ọ̀run. Bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ nọ́ńbà yẹn sára irin àtijọ́, nísàlẹ̀ ẹ̀, o kàn máa yọ ọ́ wò ni. Mi ò yọ ọ́ wò, àdúrà ni mò ń gbà. Mẹkáníìkì wa fi èyí ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ fún oṣù kan gbáko.

Àwọn tí mo rà á lọ́wọ́ wọn ò ṣe dáadáa níbẹ̀. Mo dá èyí tí kò wọ̀ padà lọ́jọ́ kejì tó dé, bí mo ṣe gbà á ni mo ṣe dì í padà, mi ò tiẹ̀ tú ọ̀rá kékeré tí sùkúrù ẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń fi ímeèlì ránṣẹ́. Èyí tí wọ́n bá fi dáhùn lónìí, ẹlòmíì á tún bèèrè ohun kan náà lọ́la bíi pé wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ nígbẹ̀yìn, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, kò sì sí owó kankan tí wọ́n tún gbà lọ́wọ́ mi, àmọ́ ẹni tó ń ka ọjọ́ bíi tèmi nígbà yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pọ̀ fún un. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún ìtọ́jú wọn. Ti dropper fúnra ẹ̀ yàtọ̀, ẹ jẹ́ ká má da méjèèjì pọ̀.

Lẹ́yìn ìwọ̀n ihò, gígùn ibi tó ń wọlẹ̀ ló kàn. Èyí tó ń lọ sílẹ̀ 125 mìlímítà wà, 150 wà, 170 wà, 200 náà wà. Àwọn èèyàn máa ń ní kó o ra èyí tó gùn jù. Ẹ rọra. Èyí tó bá gùn jù fún ara ẹ, nígbà tó bá dìde tán ìjókòó á ga ju ibi tí ẹsẹ̀ ẹ lè dé lọ, o ò sì lè tẹ irin ẹ̀ wọlẹ̀ sí i tí ihò kẹ̀kẹ́ náà ò bá jìn tó tàbí tó bá tẹ̀ kọrọdọ níbì kan nínú. Ohun tá a ṣe ni pé a gbé ìjókòó àtijọ́ sí ibi tí mo máa ń fi í sí tí mo bá ń gun òkè, a wọn láti abẹ́ ìjókòó dé ibi tí irin ti wọ ara kẹ̀kẹ́, a tún wọn bí ihò ṣe jìn tó. 150 ló bọ́ sí i. Inú mi bàjẹ́ díẹ̀ pé kì í ṣe 170, báyìí mi ò rántí mọ́.

Tó o bá ní sùúrù, o lè fi í síbẹ̀ fúnra ẹ, àmọ́ wáyà tó gba inú kẹ̀kẹ́ kọjá máa dán ẹ wò. Wákàtí méjì ni mẹkáníìkì wa àti èmi fi ṣe é, òun ń ṣiṣẹ́, èmi ń fi ọwọ́ kan di tọ́ọ̀ṣì mú. Má fún kọ́là tó di irin náà mú jù, àwọn tó ṣe tèmi kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó má kọjá 5 Nm (ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń fún sùkúrù nìyẹn), torí tó bá fún jù, irin á há, kò ní lọ kò ní bọ̀, wàá máa rò pé ó ti bàjẹ́.

Báyìí o. Kí ló ṣe fún mi gan-an?

Nígbà tí ìjókòó bá ga lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, gbogbo ara ẹ wà lókè, táyà iwájú àti ọwọ́ méjèèjì lo ń rọ́ lé, nǹkan kékeré tó bá dá táyà yẹn dúró á dojú ẹ dé. Nígbà tó bá lọ sílẹ̀, àyè ṣí sílẹ̀ lábẹ́ ẹ. O lè tẹ orúnkún, o lè tẹ ìgúnpá, ìdí á lọ sílẹ̀, gìgísẹ̀ á rọ̀, ìwúwo ẹ á wá jókòó sórí pẹ́dálì. Ẹ wo bí ìyẹn ṣe ṣe pàtàkì tó fún ẹni tí èjìká ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jiná: ẹsẹ̀ ló ń gbé mi báyìí, ọwọ́ kàn ń darí ni. Físíò mi gan-an, tí kò mọ nǹkan kan nípa kẹ̀kẹ́, rí fídíò mi ó ní, "Hẹn, èjìká yẹn ò ṣiṣẹ́ púpọ̀ mọ́." Mo fẹ́ di mọ́ ọn.

Àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Ọjọ́ kìíní, orí ilẹ̀ títẹ́jú, mo tẹ lífà nígbà tí mo ṣì jókòó gbagidi lórí ẹ̀, mo wọlẹ̀ gbì, mo tún tẹ̀ ẹ́ nígbà tí mo ń dìde, ó tẹ̀ lé mi ó gbá mi níbi tí mi ò ní sọ. Ọkùnrin, ẹ ṣọ́ra. Ìṣòro kejì sì ni pé apá òsì ni lífà wà, èjìká òsì ló ṣẹ́, àtàǹpàkò mi ò lágbára tó bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. A sún lífà náà wọnú díẹ̀ kí ọwọ́ lè tètè bá a, a tú wáyà kó rọ̀. Tí lífà tiyín bá le, ẹ má fara dà á, ó ṣeé tún ṣe. Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ ọ nílẹ̀ pẹrẹsẹ, tẹ̀ ẹ́, jókòó, dìde, tẹ̀ ẹ́, títí tí mi ò fi ronú sí i mọ́, torí tó o bá ṣì ń wá lífà nígbà tí òkè ti bẹ̀rẹ̀, kò sí àǹfààní ẹ̀.

Gbòǹgbò mẹ́ta yẹn wá kù. Oṣù kẹrin lẹ́yìn tí mo ṣubú la padà débẹ̀. Sátidé àkọ́kọ́, mo dúró lókè, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn ín lọ. Mo gbọ́ ìró lẹ́yìn mi, mo wẹ̀yìn, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tiwọn náà, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù bíi pé bá a ṣe máa ń kọjá níbẹ̀ nìyẹn. Sátidé kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n wa sọ ti Martyn Ashton fún mi, ọ̀gá kẹ̀kẹ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pá ẹ̀yìn ẹ̀ ṣẹ́ ní 2013 níbi tó ti ń fi kẹ̀kẹ́ dárà fáwọn èèyàn, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì ò ṣiṣẹ́ mọ́, ní 2015 ó tún padà sórí kẹ̀kẹ́ orí òkè tí wọ́n ṣe ìjókòó àkànṣe sí fún un, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ yí i ká, Danny MacAskill tóun náà máa ń fi kẹ̀kẹ́ dárà wà lára wọn. Mo ní, ẹ̀gbọ́n, ìjókòó náà ni. Wọ́n ní, "Ìjókòó àti àwọn tó yí i ká."

Sátidé kẹta, òjò tún ti rọ̀ lóru. Mo fẹ́ ní ká padà sílé. A tẹrí ba lókè níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n gbàdúrà, kò ju gbólóhùn kan lọ, Olúwa má jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọmọ Rẹ yẹ̀, wọ́n bọ́ síwájú, wọ́n ní, "Ẹ̀yìn mi ni kó o máa wò, má wo gbòǹgbò." Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ, torí ibi tí ojú bá wò ni kẹ̀kẹ́ máa ń lọ, ẹni tó bá tẹjú mọ́ òkúta, orí òkúta yẹn ló ń lọ. Mo tẹ lífà, ìjókòó wọlẹ̀, mo gbọ́ ìró ẹ̀, ṣúù, ìka kan kan lórí bíréèkì méjèèjì, mo jẹ́ kí orúnkún rọ̀. Gbòǹgbò kìíní. Ìkejì, táyà iwájú yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọkàn mi já, ìdí mi ti lọ sílẹ̀ kí n tó rò ó, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó gbá mi padà. Ìkẹta. Mo ti wà nísàlẹ̀. Àbúrò wa tó ń pariwo má mira nígbà yẹn tún ń pariwo, lọ́tẹ̀ yìí mi ò mọ ohun tó ń sọ. Omi bọ́ lójú mi, mo ní eruku ni. Wọ́n ní eruku wo, lẹ́yìn òjò?

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí àtúnyẹ̀wò kó má di pé ìjẹ́rìí ni mo wá ṣe.

Àléébù ẹ̀. Ìkíní, ó wúwo ju irin lásán lọ, nǹkan bí 300 sí 400 gíráàmù sí i, wàá mọ̀ ọ́n lára tó o bá ń gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká, èmi ò sì gbé nǹkan kọ́ èjìká òsì mọ́, torí náà ẹ gba ọ̀rọ̀ mi bẹ́ẹ̀. Ìkejì, nígbà tí mo ti lò ó bí oṣù márùn-ún, ìjókòó bẹ̀rẹ̀ sí í mì sọ́tùn-ún sósì. Mímì díẹ̀ ò ṣàjèjì, kò sí dropper tí kì í mì rárá, àmọ́ tèmi ti ń ju bẹ́ẹ̀ lọ, rọ́bà àti ike inú ẹ̀ ló ń jẹ tán. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé nínú ẹrẹ̀ àti òtútù, ó máa ń dìde bí ẹni tí wọ́n jí ní òru. Mo máa ń parí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òkè tuntun á ti bẹ̀rẹ̀, èmi á ṣì dúró lórí pẹ́dálì tí mò ń bẹ ìjókòó pé kó jọ̀ọ́. Wáyà tó ti nà ló ń fa díẹ̀ nínú ẹ̀, o lè fún un padà níbi lífà, ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ara irin ló ń fa ìyókù. Nu irin náà lẹ́yìn gbogbo ìgbà tó o bá jáde. Gbogbo ìgbà o. Èmi kì í nù ún gbogbo ìgbà.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí mi ò kàn tú ìdè ìjókòó kí n tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ lọ́wọ́ kí n tó sọ̀. Ó ṣeé ṣe, ọ̀fẹ́ sì ni, àwọn àgbà eré yìí ti ṣe é tipẹ́. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ eré ìje Repack ní Marin County ní Califọ́níà lọ́dún 1976, kẹ̀kẹ́ àtijọ́ wúwowúwo ni wọ́n fi ń já òkè wálẹ̀, bíréèkì inú wíìlì ẹ̀yìn á gbóná títí gríìsì inú ẹ̀ á fi jóná, wọ́n á ní láti tún gríìsì kó sínú ẹ̀ lẹ́yìn ìsọ̀kalẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni orúkọ Repack ti wá, ìyẹn "tún un kó sínú ẹ̀". Ọ̀kan nínú wọn, Joe Breeze, pẹ̀lú Josh Angell ló wá ṣe Hite-Rite ní 1984, sípírìngì kan lásán tí wọ́n so mọ́ irin ìjókòó, o tú ìdè, o jókòó lé e kó wọlẹ̀, o dìde kó dìde. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn torí ó fi hàn pé kì í ṣe èmi nìkan ni ìjókòó ti gbá nídìí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tiwa máa ń gòkè máa ń sọ̀ ní ìṣẹ́jú méjì méjì, ta ló fẹ́ máa dúró lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tú ìdè, àwọn ẹgbẹ́ ẹ á ti lọ.

Hẹ́límẹ́ẹ̀tì, kíákíá: èyí tí mo dé lọ́jọ́ tí mo ṣubú là nínú, mo sọ ọ́ nù. Tó bá ti gba ìṣubú ńlá kan, iṣẹ́ ẹ̀ ti parí, fóòmù inú ẹ̀ ti fọ́ kódà tójú ẹ̀ bá ṣì ń dán. Tuntun tí mo rà ní MIPS, ìyẹn awẹ́ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan nínú ẹ̀ tó máa ń jẹ́ kí hẹ́límẹ́ẹ̀tì yẹ̀ díẹ̀, bíi 10 sí 15 mìlímítà, tí orí bá gbá nǹkan ní ẹ̀gbẹ́, kí orí má baà yí lójijì. Ilẹ̀ Sweden ni wọ́n ti ṣe é jáde. Mi ò tíì dán an wò, mi ò sì fẹ́ dán an wò. Ìbọ̀wọ́ àti ìdáàbòbò orúnkún, èyí tó bá ti bá ẹ lára mu ti tó.

Ta ni kó rà á? Ẹni tó bá ń gun òkè tó sì ń sọ̀ ọ́, tí ìdí ẹ̀ ti kan ìjókòó rí lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tọ́kàn ẹ̀ sì já. Ẹni tó ń bọ̀ látinú ìpalára ọwọ́ tàbí èjìká, ìwọ gan-an ni mo ń bá wí, ṣùgbọ́n gba àṣẹ lẹ́nu dókítà ẹ kọ́kọ́, kó o sì kọ́ ọ nílẹ̀ títẹ́jú. Ẹni tó jẹ́ pé ojú títì ló ń gùn, fi owó ẹ sápò, owó ẹ̀ ò kéré. Ẹni tó sì rò pé tóun bá ti rà á ẹ̀rù á kúrò, kò ní kúrò o, tèmi ṣì wà níbẹ̀ ní gbogbo Sátidé, ní orí gbòǹgbò yẹn, ó kàn jẹ́ pé mo ní àyè láti tẹ̀ báyìí.

Mẹ́rin nínú márùn-ún. Ọ̀kan tí mo yọ, ti ìdìde òtútù yẹn ni.

Áà, mo fẹ́ gbàgbé: tó bá jẹ́ èyí tó ń lo ọ́ìlì ni tiyín, ẹ má di ìjókòó mú gbé kẹ̀kẹ́ sókè nígbà tó bá wà nísàlẹ̀, atẹ́gùn lè wọ inú ọ́ìlì ẹ̀, á wá máa rọ̀ lábẹ́ yín bí tìmùtìmù. Tèmi, wáyà ni, ìyẹn ò kàn án. Ike inú ẹ̀ tó jẹ tán ni wàhálà tèmi, mẹkáníìkì wa sì ti rí òmíràn. Ó ní kí n gbé kẹ̀kẹ́ wá lálẹ́ ọ̀la, kí n sì fọ̀ ọ́ kí n tó gbé e wá, torí òun ò ní fọ̀ ọ́ fún mi mọ́, ẹ̀ẹ̀kan tí èjìká mi ṣẹ́ yẹn ti tó.